Jọ́tà inú àpò: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àti ìgbàlejò ní ìdálẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rà nígbà tí mo dé ìlú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe fóònù, kì í sì í ṣe aṣọ òtútù. Jọ́tà kékeré kan ni, irú èyí tó ń wọ àpò ẹ̀wù. Ọgbọ́n kọ́ ló jẹ́ kí n rà á o. Orúkọ àdúgbò ni mo máa ń gbàgbé, mo fẹ́ máa kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà sọnù. Ó tó bí ọdún kan kí n tó mọ̀ pé jọ́tà yẹn ti gba owó fún mi, ó ti kọ́ mi lédè, ó sì ti ta mí lólobó nípa ara mi kí àìsàn tó dá mi dùbúlẹ̀.

Mo ti tún yàrá ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì, mo ti gbé àwo fún àwọn tó ń jẹun, mo sì ti ṣe iṣẹ́ òru nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú àgbàlagbà. Iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò jọra, àmọ́ ibì kan náà ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ fún àwa tí a jìnnà sílé: a kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Nílé, tí ọ̀rọ̀ bá dàrú, a mọ ẹni tí a máa ké sí, a sì mọ ẹni tó máa bá wa jẹ́rìí. Ní ìdálẹ̀, ẹlẹ́rìí yín ni ohun tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín kọ. Nítorí náà, ẹ ra jọ́tà kan kí ẹ tó ka ìyókù. Ẹ fi ojú ewé àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún àdéhùn iṣẹ́, kí ẹ pín ìyókù sí mẹ́rin: wákàtí, ọ̀rọ̀, ara, owó.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun

Sí ojú ewé àkọ́kọ́ yẹn, ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbà yín síṣẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an, wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, iye tí wọ́n ń san fún wákàtí kan, ọjọ́ tí owó ń wọlé, ohun tí wọ́n máa yọ nínú rẹ̀, ọjọ́ ìsinmi, àti iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ kúrò. Èyí tí ẹ ò bá rí kọ nínú wọn ni ẹ máa lọ béèrè. Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti èèyàn láti béèrè ọ̀rọ̀ owó lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un níṣẹ́. Ó sàn kí ojú tì yín lọ́jọ́ kan ju kí ẹ máa jà lóṣooṣù.

Tí èdè inú ìwé náà ò bá yé yín, ẹni tó mú yín débi iṣẹ́ kọ́ ló yẹ kó túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹ wá ẹlòmíràn tí kò ní jèrè níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gba ọwọ́ ajẹ́ńtì wá iṣẹ́, ẹ mọ èyí pẹ̀lú: Àdéhùn 181 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé, ILO, ṣe ní 1997 sọ pé iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn wáṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ì báà jẹ́ ní tààrà tàbí lábẹ́lẹ̀. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló fọwọ́ sí i, ó sì fàyè sílẹ̀ fún àwọn ọ̀ràn kan. Síbẹ̀, tí ẹnì kan bá ní kí ẹ kó owó ńlá kalẹ̀ kí òun tó fún yín níṣẹ́, ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe bí ayé ṣe rí nìyẹn, bí òun ṣe fẹ́ kó rí ni.

Pásípọ́ọ̀tù ńkọ́? Ọwọ́ yín ni kó wà. ILO ka gbígba ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ mọ́ àmì 11 tí wọ́n fi ń dá iṣẹ́ àfipáṣe mọ̀. Àdéhùn 189 ti 2011, èyí tí wọ́n ṣe nítorí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé, sọ ọ́ gbangba pé òṣìṣẹ́ ló ni ẹ̀tọ́ láti tọ́jú ìwé ìrìnnà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó tún ní kí ìsinmi ọ̀sẹ̀ má dín sí wákàtí 24 láìdáwọ́ dúró. Bí ọ̀gá bá ní òun fẹ́ bá yín tọ́jú pásípọ́ọ̀tù kó má baà sọnù, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fún un ní ẹ̀dà.

Ẹ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, físà àti ìwé àdéhùn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín àti sí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán nílé. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù àti nọ́ńbà fóònù ilé aṣojú orílẹ̀-èdè yín sí ẹ̀yìn jọ́tà. Fóònù lè sọnù, iná rẹ̀ lè tán, kì í sì í yan ọjọ́ tó dáa.

Wákàtí

Apá yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú jọ́tà náà, òun náà ló sì rọrùn jù. Lójoojúmọ́, ẹ kọ ọjọ́, àkókò tí ẹ bẹ̀rẹ̀, àkókò tí ẹ fi sinmi, àkókò tí ẹ parí, àti orúkọ ọ̀gá ṣíìfù ọjọ́ yẹn. Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó jáde lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́. Ẹ má ní ẹ ó kọ ọ́ tí ẹ bá délé, torí oorun ò ní jẹ́. Tí wọ́n bá ní kí ẹ dé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú láti wọ aṣọ iṣẹ́ àti láti gba ìròyìn lẹ́nu àwọn tó ń lọ, ẹ kọ ìyẹn náà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó ju wákàtí márùn-ún lọ lóṣù.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, pésílípù mi, ìyẹn ìwé tó ń ṣàlàyé owó oṣù, sọ lóṣù kan pé mo ṣe wákàtí 151. Jọ́tà mi sọ pé 168. Wákàtí 17 ti dàwátì. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ lọ bá mánájà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tí a jọ ń tún yàrá ṣe, ìyá kan tó ti pẹ́ níbẹ̀, ló dá mi dúró. Ó ní kí n lọ sùn, kí n jí, kí n wá kọ ọ́ sórí ìwé kan ṣoṣo: ọjọ́ wo, wákàtí tí wọ́n kọ, wákàtí tí mo ṣe. Nígbà tí mo mú un lọ, ìbéèrè ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibi tí àṣìṣe yìí ti wá.” Lẹ́yìn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ẹni tó ń kọ owó sílẹ̀ ò wo aago ìwọlé wa rárá. Ìwé ètò ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ló ń dà kọ, ọjọ́ tí wọ́n ní kí a dúró síi ò sì sí níbẹ̀. Owó náà wọlé lóṣù tó tẹ̀ lé e. Àwọn mẹ́ta míì tí wọ́n yọ tiwọn náà ò rí nǹkan kan gbà, torí ohun tí wọ́n ní lẹ́nu ò ju “ó dá mi lójú pé mo ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ẹnì kan ti bi mí rí pé ṣé mi ò fọkàn tán ọ̀gá mi ni. Mo fọkàn tán ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà wọn ni mi ò fọkàn tán.

Tí ẹ bá rí àṣìṣe, bí ẹ ṣe máa tò ó nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fi pésílípù wé jọ́tà, kí ẹ rí i pé iye wákàtí àti iye owó wákàtí kan ni ẹ ń wò, kì í ṣe owó tó wọ báńkì nìkan, nítorí owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì lè ti jáde nínú rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu fún ọ̀gá tó sún mọ́ yín jù. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí ímeèlì kéékèèké tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ tí ẹ sọ ọ́ lè wà lákọsílẹ̀. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì. Tí èsì ò bá wá, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹ wá àdírẹ́sì méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ dé, nígbà tí kò tíì sí ìjà kankan.

Ọ̀rọ̀

Ìwé gírámà dáa, àmọ́ kò ní gbà yín lọ́jọ́ kejì iṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí gbólóhùn tí ibi iṣẹ́ yín ń lò. Àwọn tí mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ nìyí, mo sì ní kí ẹnì kan tó gbọ́ èdè ibẹ̀ bá mi sọ wọ́n di tiwọn: ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra tún un sọ, mi ò gbọ́ yín dáadáa, ó ti tán, mo fẹ́ lọ mú òmíràn wá, ẹ jẹ́ kí n béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ibo ló ń dùn yín, mi ò lè dá èyí gbé. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, mo pẹ́ kí n tó kọ́ ọ, ẹ̀yìn mi ló sì jìyà rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ní ṣíìfù kan. Ẹ kọ ọ́ bí etí yín ṣe gbọ́ ọ, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, kí ẹ sì lò ó kí ọjọ́ tó ṣú.

Ẹ má sọ “bẹ́ẹ̀ ni” sí ohun tí kò yé yín. Gbogbo wa la máa ń ṣe é, torí a ò fẹ́ kí wọ́n rò pé a ò mọ nǹkan. Mo ti fi “bẹ́ẹ̀ ni” tú bẹ́ẹ̀dì àlejò tí kò tíì lọ, tí ẹrù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé yàrá òdìkejì ni wọ́n ní kí n tún ṣe. Ohun tó dáa jù ni kí ẹ tún àṣẹ náà sọ padà: “Yàrá 214, kí n pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kí n má fọwọ́ kan tábìlì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” Kò sí ọ̀gá tó bínú sí mi rí nítorí èyí.

Tí oníbàárà bá ń pariwo, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ fi gbólóhùn kan sọ ohun tó ń bí i nínú padà fún un, kó mọ̀ pé ẹ gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tí ẹ lè ṣe àti ìgbà tí ẹ máa ṣe é. Ẹ má ṣe ṣèlérí ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà tí à ń tọ́jú, ohùn tútù nìkan ò tó. Ẹ béèrè orúkọ tí wọ́n fẹ́ kí ẹ máa pe àwọn, kí ẹ kọ ọ́ sí jọ́tà, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan wọn. Ẹni tí kò rántí ọmọ tó bí mọ́ ṣì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó kí i àti ẹni tó kàn fà á dìde.

Èébú nípa àwọ̀ ara tàbí ibi tí ẹ ti wá, àti ọwọ́ tí oníbàárà nà sí ara yín, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú oníbàárà mọ́. Àdéhùn 190 tí ILO ṣe ní 2019 dá lórí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́, kódà tó bá jẹ́ àlejò ló hù ú. Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ sọ fún ọ̀gá, kí ẹ sì kọ ọjọ́, aago, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹni náà gan-an, àti ẹni tó wà níbẹ̀.

Ara

Bàtà lẹ kọ́kọ́ máa náwó lé. Ẹ rà á ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ẹsẹ̀ ti máa ń wú díẹ̀ nígbà náà, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí kì í yọ̀ lórí ilẹ̀ tútù. Tí agbára bá gbé e, ẹ ní méjì, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn.

Ẹ̀yìn ló tẹ̀ lé e. NIOSH, àjọ ìwádìí ààbò ibi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi kílò 23 ṣe òpin ẹrù tí èèyàn lè dá gbé nígbà tí gbogbo nǹkan bá rọrùn: tí ẹrù náà sún mọ́ ara, tí kò sí nílẹ̀ gan-an, tí èèyàn ò yí ẹ̀gbẹ́. Tó bá jẹ́ èèyàn là ń gbé, wọ́n ní kó má ju nǹkan bíi kílò 16 lọ. Àgbàlagbà wo ló fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé ẹ ò gbọ́dọ̀ dá gbé e rárá. Ẹ lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé èèyàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì ké sí ẹnì kejì. Ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ tẹ orúnkún tí ẹ bá ń ki aṣọ bọ abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, kí ẹ sì yí bẹ́ẹ̀dì ká dípò kí ẹ máa nà kọjá lórí rẹ̀.

Ọwọ́: ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé kí fífi ọṣẹ fọ ọwọ́ gbà látòkè délẹ̀, 20 sí 30 tó bá jẹ́ oògùn ọwọ́ olọ́tí. Ẹ fi ìpara pa á lẹ́yìn iṣẹ́, torí ọwọ́ tó là máa ń gba kòkòrò wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdáná, oúnjẹ gbígbóná ò gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ ju 60°C lọ, èyí tó tutù ò sì gbọ́dọ̀ gbóná kọjá 5°C.

Ẹ má po blíìṣì mọ́ ohun ìfọlé míì láé. Pẹ̀lú amóníà tàbí omi kíkan tí wọ́n fi ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde níbẹ̀, yàrá ìwẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì kò sì fẹ̀. Tí ẹ ò bá lè ka ohun tó wà lára ike kan, ẹ má ṣí i títí ẹnì kan á fi kà á fún yín.

Oorun lọ̀rọ̀ wà jù. Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ òru, mo máa ń sọ fún àwọn ará ilé pé mò ń sùn dáadáa, mo sì gbà pé òótọ́ ni. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ aago tí mo sùn àti èyí tí mo jí ni mo rí i: wákàtí mẹ́rin àbọ̀ lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wákàtí méje ó kéré tán ló yẹ kí ẹni tó ti dàgbà máa sùn. Ohun tí mo yí padà kò pọ̀. Mo fi aṣọ dúdú dí wíńdò. Mo ń wọ gíláàsì dúdú bí mo bá ń lọ sílé ní òwúrọ̀, kí oòrùn má baà tún jí ọpọlọ mi. Mo gbé fóònù síta yàrá, mo sì sọ fún àwọn ará ilé wákàtí tí mi ò ní lè gbé e. Mo dá kọfí dúró láti àárín òru, torí lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì agbára rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín oṣù kan, mo dé wákàtí mẹ́fà àbọ̀, mo sì fara mọ́ ọn. Ẹ̀yin tó ń wa ọkọ̀ lọ sílé lẹ́yìn iṣẹ́ òru, ẹ sun ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbé e, tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ èrò.

Owó àti ilé

Mo kó méjèèjì pọ̀, torí pé lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa, ipe fóònù àti ìbéèrè owó ti di ọ̀kan náà.

Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ kó owó ọkọ̀ òfuurufú ìpadàsílé jọ sí àkáǹtì tí ẹ kì í fọwọ́ kàn. Òun ló máa jẹ́ kí ẹ lè sọ pé rárá fún iṣẹ́ tó bá di ìyà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọjọ́ kan lóṣù fún fífi owó ránṣẹ́, kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá pè ní ọjọ́ míì, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ẹ kọ ọ́ sí jọ́tà, ẹ ní ẹ máa wò ó tí ọjọ́ bá pé. Àìsàn pàjáwìrì nìkan ni mò ń yọ sọ́tọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́: owó iṣẹ́ tí wọ́n kọ síta, àti iye tí wọ́n fi bá yín ṣẹ́ owó, èyí tí wọn kì í pariwo rẹ̀. Ibi tó ń polówó pé ọ̀fẹ́ ni òun máa ń gbé e sínú èkejì. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi ibi mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà: tí mo bá san iye báyìí, èló gan-an ló máa dé ọwọ́ ẹni tó wà lódìkejì? Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ṣe àfojúsùn pé tó bá di 2030, ìnáwó yìí á wá sílẹ̀ ju 3% lọ, kò sì ní sí ibi tó ti ju 5%. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ìṣirò Báńkì Àgbáyé ṣì ń fi hàn pé ó ju 6% lọ tó bá jẹ́ 200 dọ́là lèèyàn fi ránṣẹ́. Tí owó iṣẹ́ bá dúró sójú kan, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù dáa ju ìgbà mẹ́rin lọ.

Ẹ sọ òótọ́ iye tó ń wọlé fún ẹnì kan nílé, ẹnì kan péré, kí ẹ sì sọ iye tó ń jáde fún un pẹ̀lú: ilé, ọkọ̀, iná, owó orí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ò ní gbà pẹ̀lú mi níbí. Tiwọn ni pé kéèyàn má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí èmi rí ni pé ẹnì kan yẹn ló máa ń bá mi dá àwọn yòókù lóhùn.

Ẹ mú ọjọ́ àti aago kan lọ́sẹ̀ fún ìpè tí kò sí ọ̀rọ̀ owó nínú rẹ̀, kí ẹ sì ṣírò ìyàtọ̀ aago kí ẹ má baà máa jí èèyàn. Ẹ má pè lẹ́yìn ṣíìfù tó le. Ẹ jẹun, ẹ wẹ̀, ẹ sùn ná. Ẹ wá ibì kan tí kì í ṣe ibi iṣẹ́, tí kì í sì í ṣe yàrá yín, tí wọ́n ti máa mọ̀ tí ẹ ò bá wá: ibi ìjọsìn, pápá eré, ilé ìkàwé. Tí ọkàn yín bá sì wúwo fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí oúnjẹ ò wù yín, tí ohun tó ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́, ìyẹn ti kọjá àárò ilé. Ẹ lọ rí dókítà, bí ẹ ṣe máa lọ tó bá jẹ́ orúnkún ló ń dùn yín.

Tí jọ́tà bá kún, ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí sí iwájú rẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn pésílípù, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti kúrò níbi iṣẹ́ yẹn. Mẹ́fà ni tèmi báyìí, nínú páálí bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èkeje wà lápò mi, ó ti tutù díẹ̀ létí, torí mo gbàgbé rẹ̀ sínú ẹ̀wù tí mo fẹ́ fọ̀.